Kí ló dé tí Firefox kò jẹ́ kí n fi add-on (ohun àfikún tí a ń fi sínú aṣàwákiri yìí) sórí kọ̀ǹpútà mi?

Ohun tí Firefox kọ síbẹ̀ nígbà tó kọ̀ ni kí o kọ́kọ́ kà. Bó bá jẹ́ ojúlé tí o ti fẹ́ gba add-on náà ló dí lọ́nà, lọ sí Settings inú Firefox, Privacy & Security, sọ̀kalẹ̀ dé Permissions. Wàá rí "Warn you when websites try to install add-ons". Má yọ àmì iwájú rẹ̀ o, ààbò rẹ ni. Exceptions ni kí o tẹ̀, kí o fi àdírẹ́sì ojúlé náà sí i.

Bó bá ní "could not be verified" (pé òun kò lè fìdí add-on náà múlẹ̀), ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn: láti Firefox 48, lọ́dún 2016, Firefox gbogboògbò kì í gba add-on tí Mozilla, àwọn tó ṣe Firefox, kò fọwọ́ sí. Wo déètì kọ̀ǹpútà rẹ náà, ó lè ti yí, kó sì jẹ́ òun ló fà á.