Ẹ Bi Wá: Bí orí bá gbá orí lórí pápá, kí ló dé tí ẹ̀fọ́rí ẹlòmíì kì í tètè lọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi, ẹni ọdún 17, ni gólì ilé ìwé wọn. Ó di ọ̀sẹ̀ márùn-ún báyìí tí òun àti ẹnì kan jọ fò sókè gba bọ́ọ̀lù, tí wọ́n forí gbárí. Wọ́n fi ẹ̀rọ CT ya orí rẹ̀, wọ́n ní kò sí nǹkan kan, síbẹ̀ orí ṣì ń fọ́ ọ, ìmọ́lẹ̀ sì ń ni í lára. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ forí gbá òpó gólì lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ mẹ́fà péré ni ara rẹ̀ fi yá. Túúlu ń yọ èmi lẹ́nu láti kékeré, ó yọ ìyá mi náà lẹ́nu. Ṣé èmi ni mo kó o ràn án? (Ìyá Gólì, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Màmá, túúlu kì í ràn, ẹ kò sì fi ohunkóhun ṣe ọmọ yín. Àmọ́ ohun tí ẹ fura sí yẹn tọ̀nà. Ẹni tí túúlu bá wà nínú ìdílé rẹ̀, pàápàá tó bá ti ń mú òun fúnra rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀fọ́rí lẹ́yìn ìkọlù orí lè pẹ́ lára rẹ̀ ju tẹlòmíì lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ CT kúrò nílẹ̀ ná. Ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú agbárí àti egungun tó sán ni ẹ̀rọ náà ń wá. Kọ̀nkọ́ṣọ̀n, ìyẹn kí ọpọlọ mì nínú agbárí débi tí iṣẹ́ rẹ̀ fi dàrú fúngbà díẹ̀, kì í hàn nínú rẹ̀, torí inú sẹ́ẹ̀lì ni wàhálà wà. Potásíọ̀mù á máa jò jáde, èròjà kan tó ń jẹ́ glutamate á dà síta lápọ̀jù, sẹ́ẹ̀lì á wá máa fi gbogbo agbára rẹ̀ tún ara rẹ̀ tò lásìkò tí ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé oúnjẹ wá kò tó. Ohun tó jọ èyí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú túúlu. Ìgbì kan á rọra rìn lójú ọpọlọ, nǹkan bíi mìlímítà 3 ní ìṣẹ́jú kan, á ta iṣan tó ń gbé ìrora ojú àti orí jí, iṣan náà á tú èròjà CGRP síta, orí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Ilẹ̀kùn tí túúlu ń gbà wọlé ni ìkọlù yẹn ṣí. Lára ẹni tó jogún túúlu, ìdè ilẹ̀kùn náà ti dẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìwádìí lórí àwọn ìbejì fi hàn pé nǹkan bí ìdajì ohun tó ń mú kí túúlu mú ẹnì kan kó fi ẹnì kejì sílẹ̀ ló ń wá látinú ìbí. Kì í ṣe jíìnì (ohun inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé àbùdá òbí dé ara ọmọ) kan ṣoṣo ló wà ńbẹ̀. Iṣẹ́ ńlá kan tó jáde lọ́dún 2022, tó kó àwọn tó ní túúlu tó lé ní 100,000 jọ, rí ibi 123 nínú àbùdá ènìyàn tó lọ́wọ́ sí i, ipá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sà sì kéré. Ọmọ bàbá kan ìyá kan kì í gba ìpín kan náà nínú wọn, ìdí kan nìyẹn tí ti ẹ̀gbọ́n fi tètè lọ. Bí ìkọlù náà ṣe le tó, ọrùn tó fara pa, àti iye ìgbà tí orí ti gbá nǹkan rí tún ń dá kún un.

Ẹ̀fọ́rí irú èyí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàrin ọjọ́ 7 sí ìgbà ìkọlù. Bó bá ju oṣù mẹ́ta lọ ni àwọn dókítà tó ń pè é ní èyí tó ta gbòǹgbò. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni tiyín. Àyè ṣì wà. Ẹ jẹ́ kó máa kọ ọjọ́, wákàtí, bó ṣe dùn tó láti 0 dé 10, oògùn tó lò àti oorun tó sùn sínú ìwé kan. Kó máa sùn wákàtí 8 sí 10, kó má fo oúnjẹ àárọ̀, kó máa rìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Kí ẹ má tì í mọ́ yàrá tó ṣókùnkùn, ìyẹn kì í jẹ́ kó tètè yá. Ẹ mú ìwé náà lọ bá dókítà iṣan àti ọpọlọ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó wà l'Adó tàbí n'Ìdó, kí ọ̀rọ̀ túúlu yín àti ti ìyá yín sì jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa sọ, torí òun ló ń tọ́ ọwọ́ dókítà sí oògùn. Ó lè fún un ní amitriptyline díẹ̀ lálẹ́, tàbí propranolol. Ẹ sọ fún un bí ọmọ bá ní asthma, àìsàn tó máa ń fún èèyàn láyà tí kì í jẹ́ kó mí dáadáa, nítorí propranolol kò bá a mu. Ẹ ní kó yẹ ọrùn rẹ̀ wò pẹ̀lú.

Bó bá ń bì léraléra, tí gìrì gbé e, tí ọmọlójú kan fẹ̀ ju ìkejì lọ, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọ́, tí oorun rẹ̀ ṣòro jí, tàbí tí omi mímọ́ ń jáde ní imú tàbí etí, ilé ìwòsàn pàjáwìrì ni, ì báà jẹ́ òru.

ÌBÉÈRÈ: Mò ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní bọ́ọ̀lù. Ẹnì kan ní ká gba owó lọ́wọ́ àwọn òbí, ká fi ṣe àyẹ̀wò jíìnì APOE, ká má gba ọmọ tí tiẹ̀ kò dáa. Ẹlòmíì ní jẹnotáìpù AS ló ń fa ẹ̀fọ́rí náà. Èwo ni òótọ́? (Kóòṣì, Adó-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Kóòṣì, bí ẹ bá ti gba owó náà, ẹ dá a padà. APOE ń ṣètò bí ọ̀rá ṣe ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ, oríṣi rẹ̀ tó ń jẹ́ ε4 ni wọ́n ń bẹ̀rù, torí wọ́n ti so ó mọ́ àrùn ìgbàgbé. Ìwádìí lórí eléré ìdárayá kò fẹnu kò lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ε4 wọ́pọ̀ láàrin wa. Ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1992, tó fi àwọn àgbàlagbà Yorùbá n'Ìbàdàn wé àwọn adúláwọ̀ ní Indianapolis, rí i pé agbára ε4 lórí àrùn ìgbàgbé n'Ìbàdàn kò tó ti Amẹ́ríkà. Èsì tí wọ́n fi ara ẹlòmíì díwọ̀n kò ṣeé fi lé ọmọ Èkìtì kúrò lórí pápá.

Ti ẹ̀jẹ̀ pupa ni AS, kò kan ẹ̀fọ́rí yìí. Àmọ́ bí bọ́ọ̀lù tàbí ìgbọ̀nwọ́ bá gbá ọmọ AS lójú, tí ẹ̀jẹ̀ hàn níwájú ẹyinjú, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ pé AS ni: ẹ̀jẹ̀ náà lè dí ọ̀nà tí omi inú ojú ń gbà jáde. Ọmọ SS tí orí ń fọ́ lẹ́yìn ìkọlù kò gbọdọ̀ sùn sílé kí dókítà tó rí i.

Bébà kan tó fún ohun tí ẹ ń wá. Ẹ bi òbí kọ̀ọ̀kan: ṣé túúlu ti mú ọmọ yìí, òbí rẹ̀ tàbí àwọn ìyá àgbà rẹ̀ rí? (Ẹ bi ẹ̀gbẹ́ bàbá dáadáa, ọ̀pọ̀ ọkùnrin á ní oòrùn ló mú àwọn.) Ṣé èébì máa ń gbé e nínú mọ́tò? Ìgbà mélòó ni orí rẹ̀ ti gbá nǹkan, ọjọ́ mélòó ló sì fi yá? Ìkẹrin ló ṣe pàtàkì jù: ṣé ẹnikẹ́ni wà nínú ìdílé tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kan máa ń kú nígbà tí orí bá ń fọ́ ọ, tó sì ń padà bọ̀ sípò fúnra rẹ̀?

Ìyẹn ni oríṣi túúlu kan tó ṣọ̀wọ́n, tí àbùkù lára jíìnì CACNA1A lè fà. Jíìnì náà ló ń darí ojú ọ̀nà tí kálísíọ̀mù ń gbà wọ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Bí òbí kan bá ní àbùkù náà, ìdá kan nínú méjì ni pé ọmọ kọ̀ọ̀kan máa gbà á. Lára àwọn kan tó ní i, ìkọlù tí ẹlòmíì á dìde gbọn yẹ̀pẹ̀ nù lè mú kí ọpọlọ wú lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, kí ọmọ dákú, kó tiẹ̀ kú. Ní ilé mìíràn, wọ́n á gbà pé ayé ló ń bá ìdílé náà jà, wọn kì í sọ ọ́ síta. Ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè, ní kọ̀rọ̀. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kò sí eré ìforígbárí fún ọmọ náà títí dókítà ọpọlọ yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

ÌBÉÈRÈ: Ẹni ogún ọdún ni mí, mò ń gbá bọ́ọ̀lù obìnrin. Láti oṣù mẹ́rin tí mo ti forí gbalẹ̀, Alabukun ni mò ń lò láràárọ̀ kí orí tó lè fúyẹ́. Kí ni kí n ṣe? (Ìkọ̀lé-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Àbúrò wa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oògùn náà ló ń fa ẹ̀fọ́rí báyìí. Aspirin àti kaféènì ló wà nínú Alabukun. Ẹni tó bá lo àdàpọ̀ irú rẹ̀ ní ọjọ́ 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, fún ohun tó ju oṣù mẹ́ta lọ, lè ní ẹ̀fọ́rí àlòjù oògùn; ti parasitamọ́ọ̀lù tàbí ibuprofen nìkan jẹ́ ọjọ́ 15. Ẹni tí túúlu wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń tètè bọ́ sínú rẹ̀. Lọ rí dókítà, kó ràn ọ́ lọ́wọ́ láti dáwọ́ dúró. Ẹ̀fọ́rí á kọ́kọ́ le sí i fún ọjọ́ mélòó kan, má bẹ̀rù, má sì fi Tramadol dípò. Lọ́jọ́ iwájú, bí orí bá tún gbá nǹkan, yẹra fún ohunkóhun tó ní aspirin tàbí ibuprofen ní ọjọ́ àkọ́kọ́ àti ìkejì, torí wọ́n lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà. Parasitamọ́ọ̀lù ni, kó má sì ju hóró mílígírámù 500 mẹ́jọ lọ láàrin wákàtí 24.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ẹni tó jogún túúlu gbọ́dọ̀ pẹ́ ju ẹlòmíì lọ kó tó padà sórí pápá? (Olùkọ́ eré ìdárayá, Ìjerò-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Ìgbésẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé, èyí tí àwọn onímọ̀ fẹnu kò lé lórí ní Amsterdam lọ́dún 2022. Ìsinmi díẹ̀ fún wákàtí 24 sí 48, iṣẹ́ ilé fẹ́ẹ́rẹ́, eré tó ń mú ọkàn sáré, sísáré àti yíyí lórí pápá láìsí ẹlòmíì nítòsí, ìdánrawò láìfarakanra, ìdánrawò pẹ̀lú ìfarakanra, lẹ́yìn náà ìdíje. Ó kéré tán, wákàtí 24 fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Fún eré tó ń mú ọkàn sáré, ẹ yọ ọjọ́ orí kúrò nínú 220. Fún ọmọ ọdún 17, ó ku 203. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ìyẹn ìlù 28 ní ìṣẹ́jú àáyá 15 tí ẹ bá fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́, kí ẹ tó gùn ún lọ sí ìdá 70, ìlù 35. Bí ẹ̀fọ́rí bá fi ohun tó ju 2 lọ lé lórí ìwọ̀n 10, tàbí tó ju wákàtí kan lọ kó tó rọlẹ̀, ẹ dá eré dúró, ẹ gbìyànjú lọ́jọ́ kejì.

Ibi tí ti ọmọ túúlu ti yàtọ̀ nìyí: kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ bọ́ sí ìdánrawò láìfarakanra nígbà tí àmì kọ̀nkọ́ṣọ̀n ṣì wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí orí ń fọ́ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù kí ìkọlù tó wáyé kò lè dúró de oṣù tí orí ò ní fọ́ rárá. Ipò rẹ̀ àtijọ́ ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n, dókítà ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó fara kan ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ ipò àtijọ́ náà sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, nígbà tí gbogbo wọn ṣì wà ní àlàáfíà.