Àparò lọ, ẹ̀lúlùú dé: ewéko ni kí ẹ wò

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ béèrè bóyá kí ẹ dáná sun ilẹ̀ yín lẹ́yìn Òṣogbo, torí àparò ti kúrò níbẹ̀, ẹ̀lúlùú ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sun ún. Ewé Akíntọ́lá, igbó tó máa ń hù dí pọ̀, ló bo koríko mọ́lẹ̀. Àparò ń fẹsẹ̀ rìn ni, àlàfo ìdí koríko ló ti ń ṣa èso àti kòkòrò jẹ. Ẹ̀lúlùú ní tirẹ̀, ewéko tó dí ló fẹ́. Ẹyẹ lè má dín níye rárá, irú wọn ló yí padà.

Bó bá jẹ́ ọ̀dàn, ìyẹn ilẹ̀ koríko, ni ilẹ̀ náà látilẹ̀ ni ìgbésẹ̀ mẹ́ta ìsàlẹ̀ yìí wúlò. Bó bá jẹ́ igbó tí wọ́n gé tó ń hù padà, ẹ fi í sílẹ̀. Ọ̀dàn àti igbó ló pàdé ní agbègbè wa, ẹ bi àwọn àgbà oko léèrè kí ẹ tó mú àdá.

1. Nígbà tí òjò bá ti mú kí ilẹ̀ rọ̀, ẹ fa Akíntọ́lá tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, kó tó yọ òdòdó nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá wọlé. Èso rẹ̀ fúyẹ́, atẹ́gùn á gbé e káàkiri. Bí ẹ bá gé e lásán tàbí ẹ sun ún, kùkùté rẹ̀ á tún rúwé.

2. Ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe lọ́dún kan. Ẹ dá díẹ̀ sí fún ẹ̀lúlùú.

3. Kí ẹ tó fa ohunkóhun tu, ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀ dáadáa, ilẹ̀ ni àparò ń yé sí.

Tí ẹ bá fẹ́ ka ẹyẹ, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10 láàárọ̀ kùtù lójú kan náà, ní àsìkò kan náà lọ́dọọdún. Kí ibi ìdúró kan jìnnà sí èkejì tó mítà 200, kí ẹ má baà ka ẹyẹ kan lẹ́ẹ̀mejì.