“Alumni” kò bá ohun àlùmọ́nì tan

Ẹ béèrè ohun tí “alumni” túmọ̀ sí, àti bóyá òótọ́ ni pé inú ohun àlùmọ́nì ni ó ti wá. Èmi náà gbọ́ àlàyé yẹn rí lẹ́nu adarí ètò kan níbi ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde. Ó ní ohun àlùmọ́nì ilé-ẹ̀kọ́ ni wá, gbogbo àpèjọ sì pàtẹ́wọ́. Inú bí mi débi pé n kò lè jẹ ìrẹsì tí wọ́n gbé kalẹ̀. Ìró lásán ni ó jọra. Ọ̀rọ̀ Látìn ni.

Orírun rẹ̀ ni “alere”, èyí tí í ṣe kí a bọ́ ọmọ kí ó dàgbà. “Alumnus” ni ẹni tí a bọ́. Láyé àwọn ará Róòmù, ọmọ tí ẹlòmíràn gbà tọ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, títí kan ọmọ tí òbí gbé jù síta tí aláàánú kan gbé wọlé. Ọ̀rọ̀ náà wà lára òkúta ibojì wọn. Ọmọ àgbàtọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn, n kò sì rí ìtumọ̀ Yorùbá tí ó dára jù ú lọ. “Akẹ́kọ̀ọ́jáde” tí a ń lò kò burú, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tí ọmọ gbà jáde ni ó ń wò, nígbà tí ti Látìn ń wo àwo tí a fi bọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí ilé-ẹ̀kọ́ fi ń jẹ́ “alma mater”, ìyá tí ń bọ́ni, èyí tí ó wà nínú orúkọ Yunifásítì Bologna ní Ítálì títí di òní. Bí ìyá yìí bá wá ń tọrọ páànù òrùlé lọ́wọ́ wa, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kùn: bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu.

Ní ti ìlò rẹ̀, ọkùnrin kan ni “alumnus”, obìnrin kan ni “alumna”, obìnrin púpọ̀ ni “alumnae”. Ọkùnrin púpọ̀, tàbí tọkùnrin tobìnrin, ni “alumni”. Yorùbá kì í yí ìparí ọ̀rọ̀ padà, “àwọn” ti tó wa, bóyá ìyẹn ni kì í jẹ́ kí etí wa mú ìyàtọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ wa ní Látìn ní girama, ẹnì kan kì í dá dúró kí ó ní “alumni ni mí”, àfi bí ó bá ń sọ pé òun jẹ́ ti ọmọ àgbàtọ́ kan, nítorí “alumni” kan náà ni wọ́n fi ń sọ ìyẹn.