Páìpù jò nínú ògiri nígbà tí kò sẹ́nì kankan nílé: ṣé iléeṣẹ́ adójútòfò á sanwó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Èkó là ń gbé, ṣùgbọ́n a kọ́lé sí Ìjẹ̀bú-Òde, a sì ń san owó adójútòfò lé e lọ́dọọdún. Nígbà tí a wálé fún Ojúde Ọba, a bá ògiri àárín balùwẹ̀ àti yàrá tó rin gbingbin, kọ́bọ́ọ̀dù ti jẹrà, táìsì ti ń ṣí. Páìpù inú ògiri ló ń jò. Iléeṣẹ́ ń bi wá pé ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀. A ò mọ̀. Àbúrò mi ní ká ṣáà sọ pé àná ni. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má sọ pé àná ni o. Igi kì í jẹrà lóòjọ́. Ẹni tí wọ́n bá rán wá yẹ òfò náà wò á ti mọ̀ kó tó fọwọ́ kàn án, irọ́ kan yẹn sì tó láti fi gbogbo ẹ̀tọ́ yín ṣòfò. Ohun tó dá yín lójú ni kí ẹ kọ: ọjọ́ tí ẹ rí i, àti ìgbà ìkẹyìn tí ẹnì kan wọ yàrá náà tó ṣì gbẹ.

Ohun tí wọ́n ń wá gan-an ni bóyá páìpù bẹ́ lójijì, àbí ó ti ń gbó bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn adójútòfò ilé ń sanwó lórí èyí tó bẹ́. Wọn kì í sanwó lórí ohun tó gbó tàbí tí a ò tọ́jú. Tí oníṣẹ́ páìpù bá gé e jáde, ẹ má jẹ́ kó sọ ọ́ nù. Ẹ fi í pa mọ́ sínú ọ̀rá, kí òun náà kọ ohun tó rí sílẹ̀ kó sì fọwọ́ sí i: ṣé ojú ìsopọ̀ ló yẹ̀, àbí ara páìpù ló là?

Ẹ̀rí kan wà tí àwọn èèyàn kì í rántí. Tó bá jẹ́ bohóòlù lẹ ń lò, tí ẹ̀rọ sì ń fa omi sí táǹkì fúnra rẹ̀, omi tó ń jò á mú kó ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ lọ wo àtẹ̀jíṣẹ́ iná tí ẹ ń rà sí mítà. Oṣù tí iná bẹ̀rẹ̀ sí í yára tán láìsẹ́ni nílé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìgbà náà ni. Àmọ́ tó bá lọ jẹ́ oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, wọ́n á béèrè ìdí tí ẹnikẹ́ni ò fi yọjú síbẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ló ti ń dun àwa Ìjẹ̀bú jù, àwa tí a ń kọ́lé sílé tí a ń tilẹ̀kùn rẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé, bí ilé bá wà láìsẹ́ni tó ń gbé inú rẹ̀ ju iye ọjọ́ kan lọ, 30 ọjọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kì í sanwó òfò tí omi bá fà mọ́. Mẹ́gáàdì tó ń sùn nínú ọgbà lè máà tó. Bí ẹ bá ti sọ fún wọn níbẹ̀rẹ̀ pé Èkó lẹ ń gbé, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé, ẹsẹ̀ yín fìdí múlẹ̀. Bí ẹ bá kọ pé inú ilé náà lẹ ń gbé, ọ̀rọ̀ á le díẹ̀.

Ẹ ti omi pa lónìí, ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó gbé ohunkóhun kúrò, ẹ má sì tíì kun ọ̀dà. Owó páìpù fúnra rẹ̀ kì í sábà sí lára ohun tí wọ́n ń san. Owó fífọ́ ògiri láti dé ìdí páìpù náà, wọn kì í san án àfi tó bá wà nínú ìwé. Ẹ tún wo iye tí ẹ dá lé ilé náà. Bí ilé tó tó ₦40 mílíọ̀nù bá wà lórí ₦20 mílíọ̀nù nínú ìwé, owó tí wọ́n máa san lórí òfò ₦2 mílíọ̀nù lè di ₦1 mílíọ̀nù, torí ìdajì iye ilé náà ló wà nínú ìwé, kí wọ́n tó yọ iye tí ẹ̀yin fúnra yín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé.

Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sínú lẹ́tà. Lẹ́tà yẹn lẹ máa fi kún ẹ̀sùn yín bí ẹ bá ń gbé e lọ sọ́dọ̀ NAICOM, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò.