Ṣé lóòótọ́ ni pé cruise Caribbean ò gba físà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Èmi àtìyàwó mi fẹ́ fi cruise Caribbean, ìyẹn ìrìn àjò afẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi lọ sáwọn erékùṣù Caribbean, ṣàjọyọ̀ ọdún mẹ́wàá tá a ṣègbéyàwó, láti Miami lọ Bahamas àti Jàmáíkà. Ejẹ́ńtì wa ní kò gba físà torí orí omi la máa wà. Oṣù wo ló dáa jù?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ fi ti oṣù sílẹ̀ ná, ẹ má tíì san kọ́bọ̀ fún ẹni yẹn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè yìí, inú sì ń bí mi, torí owó táwọn èèyàn fi ọ̀pọ̀ ọdún tu jọ ló ń bá a lọ.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni Miami wà. Kẹ́ ẹ tó fojú kan ọkọ̀ ojú omi kankan, àwọn imigiréṣọ̀n lẹ máa kọ́kọ́ bá ní airport. Ọkọ̀ náà á gbé yín lọ Bahamas, á tún gbé yín padà sí Miami, ìwọlé kejì nìyẹn o, bẹ́ẹ̀ láti July 2025 ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láàárín oṣù 3 ni físà ìbẹ̀wò tuntun tí wọ́n ń fún ọmọ Nàìjíríà, nígbà tó sì di January 2026 wọ́n dá físà yẹn gan-an dúró fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Tẹ́ ẹ bá ti ní ti tẹ́lẹ̀ tó ṣì dáa, tó gbà yín láyè láti wọlé lọ́pọ̀ ìgbà, ìyẹn yàtọ̀.

Òfin kan wà tó jẹ́ kí ọmọ Amẹ́ríkà fi sàtífíkéètì ìbí àti ID káàdì wọ ọkọ̀ tó gbéra ní Amẹ́ríkà tó sì máa padà sí èbúté kan náà. Ọmọ Amẹ́ríkà nìkan o! Pásípọ́ọ̀tù tiwa ò sí níbẹ̀.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ. Kéèyàn sùn lálẹ́ kó jí sí erékùṣù míì láìtún báàgì dì, kó máa wo òkè Pitons ní St. Lucia látorí omi, ó dùn gan-an. Àwọn ọkọ̀ kan ń gbéra ní Bridgetown ní Barbados, Barbados ò sì bi ọmọ Nàìjíríà ní físà. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá gba London kọjá, ẹ lè nílò físà transit, ìyẹn físà ẹni tó kàn ń gba ibẹ̀ kọjá, tí ọkọ̀ bá sì yà ní Martinique tàbí Guadeloupe, ti Faransé nìyẹn, físà Schengen lásán, èyí tí wọ́n fi ń wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ò bo ibẹ̀.

December sí April ló dáa jù, torí June sí November ni àsìkò ìjì líle.

Òfin lè yí padà nígbàkigbà, torí náà ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi nìkan sanwó. Ẹ ní kí ejẹ́ńtì yẹn kọ orúkọ gbogbo èbúté tí ọkọ̀ máa dé ránṣẹ́ sí yín, kẹ́ ẹ fúnra yín fi béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀. Tó bá kọ̀ tí ò kọ ọ́, ẹ sá fún un.