Kí ló dé tí ìgbì ERG àwọn èkúté mi fi kéré?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ ìwádìí lórí ojú ni mo ń ṣe n'Ìbàdàn, ní yàrá àyẹ̀wò tí ẹ̀ka mélòó kan jọ ń lò. Lọ́jọ́ Ajé, mo ṣe ERG, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń fi wáyà gba ìgbì iná mànàmáná tí ojú ń gbé jáde bí ìmọ́lẹ̀ bá kọ sí i. Ìgbì b, èyí tó ń gòkè lẹ́yìn ìgbì a tó kọ́kọ́ ń sọ̀ kalẹ̀, ga dáadáa. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, tí mo ṣe é fún àwọn èkúté míì láti inú àgò kan náà, díẹ̀ ló kù kó má sí rárá. Ṣé ojú wọn ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì dá ojú lẹ́bi. Bí ìgbì gbogbo wọn bá kéré lọ́jọ́ kan náà, ọ̀nà tí a gbà ṣe é ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Níbi tí èrò bá ti pọ̀, òkùnkùn ló sábà máa ń yẹ̀. Òru mọ́jú, bíi wákàtí 12, ló yẹ kí èkúté fi wà nínú òkùnkùn biribiri. Iná pupa tó ṣókùnkùn nìkan ni kí ẹ fi ṣiṣẹ́. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ tí ẹnì kan sì tan tọ́ọ̀ṣì fóònù wọlé, òkùnkùn ọ̀hún ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ sún èkúté yẹn sí ọjọ́ míì. Láti orí ìmọ́lẹ̀ tó rẹlẹ̀ jù ni kí ẹ ti máa gòkè, torí èyí tó lágbára máa ń dín agbára ojú kù fún èyí tó tẹ̀ lé e.

Ooru ara ló kàn. Ketamine pẹ̀lú xylazine, àwọn oògùn akunilóorun, máa ń mú kí ara èkúté tètè tutù. Ìgbì á lọ́ra, á sì kéré. Dígí inú ojú pàápàá lè funfun fúngbà díẹ̀. Ẹ fi èkúté lé orí ìtẹ́ tó ń gbóná, kí ara rẹ̀ wà ní 37°C, kí ìtẹ́ náà sì wà lórí ínfátà, kó má baà kú nígbà tí wọ́n bá ń yí iná sí jẹnẹrétọ̀.

Wáyà náà ńkọ́? Ẹ kán tropicamide 1% kí ọmọlójú lè là. Ẹ fi jẹ́ẹ̀lì díẹ̀ sábẹ́ òrùka wáyà tó kan ẹyinjú. Bó bá gbẹ, ariwo, ìyẹn ìgbì jákujàku tí kì í ṣe ti ojú, ni ẹ máa rí. Bó bá pọ̀ jù tó ṣàn dé ìpéǹpéjú, ìgbì á kéré. Bí ìgbì wẹ́wẹ́ bá ń wáyé ní mílísẹ́kọ́ǹdù 20 síra wọn, iná ilé 50 Hz nìyẹn: ẹ pa fáànù, kí ẹ sì yẹ wáyà tó wà nírù wò.

Bí ìgbì a bá dára tí b nìkan kéré léraléra, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ rẹ́tínà, awọ ẹ̀yìn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀, tó wọlé. Ẹ tún béèrè ìran èkúté yín: C3H àti FVB ní àbùkù àbínibí tí wọ́n ń pè ní rd1, ojú wọn sì ti ń kú kí wọ́n tó pé oṣù kan.