Ìyá ọlọ́mọ méjì fẹ́ ra ìbọn ní Houston: kí ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ wa. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Houston, green card ni mo ní. Ọkọ mi ń wa tírélà, ó lè lo ọ̀sẹ̀ méjì lójú ọ̀nà kó tó wọlé. Èmi, ìyá mi àti àwọn ọmọ mi méjì, ọmọ ọdún márùn-ún àti mẹ́sàn-án, la máa ń wà nílé. Wọ́n ti fọ́ ilé méjì ládùúgbò wa. Mo fẹ́ ra ìbọn. Ẹnìkan ní kí n ra ribọ́fà kékeré tó máa wọ inú báàgì, pé òun ló bá obìnrin mu. Àbúrò ọkọ mi tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ náà sì ní kí n bá òun ra tòun mọ́ ọn. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú wàhálà ilé àti iṣẹ́, arábìnrin wa. Ọ̀rọ̀ àbúrò ọkọ yín ni mo máa kọ́kọ́ mú, torí òun ló lè tú ilé yín ká. Ẹ má bá a ra nǹkan kan. Fọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní 4473, tí ẹ máa kọ ní ṣọ́ọ̀bù, máa bi yín bóyá ẹ̀yin gan-an lẹ ni ìbọn tí ẹ fẹ́ rà. Bí ẹ bá kọ "bẹ́ẹ̀ ni" nígbà tó jẹ́ pé owó àbúrò ló wà lọ́wọ́ yín, ọ̀ràn ńlá ni. Òfin ti ka ìbọn léèwọ̀ fún ọ̀pọ̀ ẹni tó wà lórí irú físà yẹn. Àwọn tó yọ sílẹ̀ kò pọ̀, bí ẹni tó ní láìsẹ́ǹsì ọdẹ tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, irú ẹni bẹ́ẹ̀ pàápàá fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ rà á. Láti 2022, ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ra ìbọn fún ẹni tí òfin kà á léèwọ̀ fún lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 15 jura. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì di ọmọ ìlú, ó tún kọjá ẹ̀wọ̀n: ẹjọ́ ìbọn kan ṣoṣo tí wọ́n bá dá yín lẹ́bi fún tó kí wọ́n dá yín padà sílé. Bí ẹbí bá máa bínú, ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú.

Ní tiyín, green card kò dí yín lọ́wọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 21 kí ẹ tó ra ìbọn ìléwọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ mú láìsẹ́ǹsì ọkọ̀ yín àti green card dání, torí wọ́n máa kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Ohun tó sábà máa ń dá àwọn èèyàn wa padà ni àdírẹ́sì: ẹ ti kó kúrò ní ilé kan, láìsẹ́ǹsì ṣì ń pe ilé àtijọ́. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó lọ. Wọ́n máa wo orúkọ yín lọ́dọ̀ FBI. Nígbà mìíràn kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, nígbà mìíràn wọ́n á ní kí ẹ dúró.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dé ṣọ́ọ̀bù rárá, àpótí irin ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ fi bóòtù dè é mọ́ ilẹ̀ tàbí mọ́ igi ìbùsùn nínú yàrá yín. Èyí tí wọ́n ń tẹ nọ́ńbà sí dára ju oníkọ́kọ́rọ́ lọ, torí ọmọdé máa ń mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà kí ẹ tó rò ó. Ẹ má lo ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni. Ẹ máa pààrọ̀ nọ́ńbà náà, torí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ń wo ìka yín. Orí kọ́bọ́ọ̀dù àti abẹ́ ìrọ̀rí kì í ṣe ibi ìpamọ́. Ní ìpínlẹ̀ Texas tí ẹ wà, bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 bá rí ìbọn tó ní ọta nínú mú torí pé ẹ kò tì í pa tàbí ẹ fi í síbi tó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ọwọ́ ọmọ máa tó o, ẹ ti rú òfin, kódà kí ìbọn náà má dún.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi fara mọ́ ọ̀rọ̀ báàgì. Ní December 2014, ní ìlú Hayden ní ìpínlẹ̀ Idaho, ọmọ ọdún méjì na ọwọ́ sínú báàgì ìyá rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá kan, ó sì yìnbọn pa á. Báàgì tí wọ́n dìídì rán fún ìbọn ni. Báàgì máa ń wà lórí àga, lórí tábìlì, lọ́wọ́ olè. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ìbọn jáde gbọ́dọ̀ so ó mọ́ ara rẹ̀, nínú akọ̀ líle tó bo ojú tírígà pátápátá.

Ribọ́fà kékeré yẹn náà, ẹ fi sílẹ̀. Bí ìbọn bá ṣe fúyẹ́ tó ni yóò ṣe máa ta ọwọ́ tó. Tírígà rẹ̀ le láti fà, ọta márùn-ún péré ló sábà máa ń gbà, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kì í sì pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù rẹ̀. Ìbọn onímágásíìnì (mágásíìnì ni ohun tí ọta tò sí, tí wọ́n ń kì bọ ìdìmú ìbọn) tó ń lo ọta 9mm, tó sì tóbi díẹ̀, rọrùn jù ú lọ. Ọwọ́ yín ni kó pinnu, kì í ṣe àwọ̀ tàbí "ti obìnrin". Kí ẹ rí i dájú pé kò sí ọta nínú rẹ̀, kí ẹ dì í mú, kí irin rẹ̀ àti apá yín wà lórí ìlà kan. Bí ìka yín kò bá dé tírígà láìyí ọwọ́ padà, ó ti tóbi jù. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń sọ pé àwọn kò lágbára láti fa slide, irin òkè ìbọn tó ń lọ síwá-sẹ́yìn, sẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe ń fà á ni kò dára. Ẹ mú ìbọn súnmọ́ àyà, kí ẹnu rẹ̀ kọjú síbi tí kò séwu, kí àtẹ́lẹwọ́ òsì àti ìka mẹ́rin gbá slide mú láti òkè, kí ọwọ́ ọ̀tún wá ti ìbọn síwájú. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá àgbà ń ṣe é. Bó bá ṣì le jù, èyí tó ń lo ọta .380, tí agbára rẹ̀ kò tó ti 9mm, wà.

Ẹ má rà á kí ẹ tó yá oríṣi mẹ́ta ó kéré tán yìn ní pápá ìyìnbọn. Lọ́wọ́ olùkọ́ ni kí ẹ ti kọ́ ọ, kì í ṣe lọ́wọ́ ọkọ. Páálí ọta kan, àádọ́ta, tó fún ọjọ́ kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní yáàdì 3, lẹ́yìn náà 7. Bí ọta ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún bá ń bọ́ sí ìsàlẹ̀ lápá òsì, ó ń já tírígà gbà ni, kò rọra fà á. Bí ìbọn bá ń há, ẹ kọ́kọ́ wo ọrùn ọwọ́: bó bá rọ̀, slide kò ní lágbára láti padà sáyè. Ẹ gbá ìdí mágásíìnì, kí ẹ fa slide, kí ẹ tún wò.

Ẹ má wọ bùbá ọlọ́rùn gbòòrò lọ, torí ìkarahun ọta gbígbóná tí ìbọn ń tu jáde máa ń ta wọ inú àyà, ìyẹn sì máa ń mú kí èèyàn fò pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́. Ìdítí, gíláàsì ojú àti bàtà tó bo ẹsẹ̀ kò ṣeé yọ sílẹ̀. Èéfín ibẹ̀ ní òjé nínú, nítorí náà ẹ fọ ọwọ́ àti ojú, kí ẹ pààrọ̀ aṣọ kí ẹ tó gbé ọmọ. Bí ẹ bá lóyún tàbí ẹ ń fún ọmọ lọ́mú, ẹ dúró.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù September 2021, Texas kò fi dandan lé láìsẹ́ǹsì mọ́ fún ẹni ọdún 21 láti gbé ìbọn ìléwọ́. Síbẹ̀, ẹ gbà á. Ìdánwò rẹ̀, ọta 50 láti yáàdì 3, 7 àti 15, máa fi hàn yín ibi tí ẹ dé. Ẹ má gbé e lọ síbi iṣẹ́ yín. Ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́ wà lára ibi tí òfin ṣọ́ gidigidi.

Ètò inú ilé ló kù, òun ló sì ń gba ẹ̀mí là jù. Ògiri sheetrock, ìyẹn ògiri páálí tó wà láàárín yàrá, kò lè dá ọta dúró; ọta tó bá tàsé olè lè bá ọmọ nínú yàrá kejì. Ẹ fi ọta oníhò lẹ́nu sínú ìbọn ilé, èyí tó máa ń la nínú ara, ṣùgbọ́n òun náà ṣì ń wọ ògiri kọjá. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo, ẹ kó àwọn ọmọ àti ìyá sínú yàrá kan, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ pe 911. Ẹ má máa rìn kiri wá olè. Ẹ ní tọ́ọ̀ṣì, torí ẹ kò gbọ́dọ̀ yìn sí ohun tí ẹ kò rí ojú rẹ̀. Ọkọ yín sì gbọ́dọ̀ pè kó tó kan ilẹ̀kùn ní aago mẹ́ta òru, ní gbogbo ìgbà, kódà bó bá fẹ́ fi wíwá rẹ̀ yà yín lẹ́nu.

Bí ẹ bá pe 911, àdírẹ́sì ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ, lẹ́yìn náà iye èèyàn tó wà nílé, aṣọ tí ẹ wọ̀, àti pé ìbọn wà lọ́wọ́ yín. Kí ọlọ́pàá tó wọlé, ẹ gbé e sílẹ̀, kí ọwọ́ méjèèjì ṣófo. Bí ẹ bá ti yìn ín, ẹ sọ pé wọ́n kọlù yín, ẹ béèrè ambulance, kí ẹ sì dúró de lọ́yà kí ẹ tó ṣàlàyé ohun tó kù.